Ohun Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé Ilẹ̀kùn Omi

Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò kan ilẹ̀kùn. Mo fi kàn án, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tó dá mi mọ̀. Mo nu ọwọ́ mọ́ ìró mi, mo tún fi kàn án. Ọwọ́ mi ti ń làágùn láti inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa dé Ọ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ fura.

"Fara balẹ̀, Oríyọmí," ni Alàgbà Mébàwọ́ndù, olórí ẹgbẹ́ oníkóòdù wa, wí lẹ́yìn mi. "Kì í ṣe ẹjọ́ la wá rò níbí."

Lójú tèmi, ẹjọ́ ni. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níwájú ẹ̀rọ omi mímu. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ dára, kò jọ alágbe rárá. Síbẹ̀ ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ náà, kí òun lè mu omi. Obìnrin kan bá a tẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Mo bi Alàgbà pé kí ló ṣe ọkùnrin yẹn.

"Ó fi àtàǹpàkò ṣe onídùúró fún ìwé-àlàyé kan," ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti ẹ̀rọ tí ń gbẹ àgbàdo. Ẹnìkan ní ìlú míì tẹ̀ lé ohun tó kọ, ilé jó. Wọ́n yọ àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò nínú Àká, níbi tí ìwé-àlàyé àti àtàǹpàkò gbogbo wa wà."

"Pátápátá?"

"Pátápátá. Ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣí i fún un. Má wò ó mọ́. Wọlé."

Mo wọlé.

Inú ilé náà tutù. Obìnrin tí yóò dán wa wò jókòó sídìí tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Abilékọ Ṣórẹ̀mẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá. A kì í kúnlẹ̀ níbí. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé ilẹ̀kùn omi Ùgbò Tuntun?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ràn yín lọ́wọ́?"

Mo wo Alàgbà. N kò mọ èyí tó yẹ kí n sọ. "Kò sí, mà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ irin ilẹ̀kùn náà ni Ìlànà Kan fẹ́ kó kọ ọ́, kó sì dúró fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Àlàyé ti àtijọ́ ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ mú un dání."

"Ara ògiri la kọ ti àtijọ́ sí, adájọ́ wa," ni Alàgbà wí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "À bá ru ògiri wá, àmọ́ ọkọ̀ kéré."

Abilékọ kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Ìlọrin ya tiwọn ní àwòrán. Àwọn ará Ṣakí fi tiwọn ṣe ìbéèrè àti ìdáhùn. Ẹ̀yin lọ kọ tiyín sára ògiri. Kóòdù wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ẹ wá ń fi àlàyé rẹ̀ pamọ́ fún aládùúgbò yín nìkan. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn, Bàbá. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ti gba Ìlànà Kan, kí ọ̀nà tí a ń gbà kọ àlàyé lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo."

"A dé ná," ni Alàgbà wí.

"Ẹ dé lónìí tí gbèdéke pé. Tí ìwé yín kò bá wọ Àká kí a tó tilẹ̀kùn, a ó pa kóòdù yín, ilẹ̀kùn omi yín yóò dákẹ́ títí òjò yóò fi kásẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

A mọ̀. Gbogbo Ùgbò Tuntun mọ̀. Láti ìgbà tí òkun ti gun òkè wá, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju omi lọ là ń gbé, lẹ́yìn ògiri. Tí ilẹ̀kùn omi bá dákẹ́ nígbà òjò, omi tó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde. Ilé mi ló sún mọ́ ògiri jù.

Abilékọ náà ní òun ti ka ìwé mi. Ó ní iyàrá márààrún tí Ìlànà Kan pín ìwé sí ló kún: ohun tó jẹ́, ẹni tó wà fún, bí a ṣe ń lò ó, ewu tó wà níbẹ̀, ẹni tó dúró fún un. Ó ní ó mọ́.

"A dúpẹ́, mà."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí ni yóò kà á, tí yóò sì ṣe é lójú wa."

Ọkùnrin kan wọlé, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún, ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀. Ó tẹrí ba fún wa.

"Ọmọ ibo ni ọ́?" ni Alàgbà bi í.

"Ṣakí ni, Bàbá."

"Ṣakí. Ǹjẹ́ o tilẹ̀ rí omi rí, yàtọ̀ sí ti inú ìkòkò?"

"Kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin ará odò lẹ bu gbogbo rẹ̀ sínú ọbẹ̀ yín."

Alàgbà rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà ni mò ń wò. Ọwọ́ tó dára ni, kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

"Ó tó," ni Abilékọ wí. "Láti ìsinsìnyí, ẹ kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ fún un, ó yẹ kó ti wà nínú ìwé."

Ó mú wa lọ sẹ́yìn gíláàsì.

Wọ́n ti kọ́ ilẹ̀kùn omi sínú iyàrá ìdánwò, irú tiwa gan-an, ó kàn kéré ni. Ilẹ̀kùn òkè wà lọ́hùn-ún, ti ìsàlẹ̀ wà níhìn-ín, páìpù ńlá so wọ́n pọ̀, omi gidi sì wà nínú rẹ̀. Kóòdù ló ń ti ilẹ̀kùn òkè kí omi odò má bàa wọlé. Ènìyàn ló ń fi kẹ̀kẹ́ irin ṣí ti ìsàlẹ̀, kí omi inú ìlú lè jáde. Ọ̀rọ̀ mi wà lára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà. Ojú tì mí láti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní afiwé ń ṣọ́ ọ. Tí ọwọ́ ẹni náà bá ṣe ohun tí ìlà kan wí, iná aláwọ̀ ewé á tàn sí ìlà yẹn. Ẹ̀rọ náà kò mọ omi, kò mọ ènìyàn. Ohun tí ọ̀rọ̀ wí àti ohun tí ọwọ́ ṣe nìkan ló ń fi wé ara wọn.

Gbádégẹṣin ka ìlà àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo ẹnu páìpù bóyá koríko dí i. Iná tàn. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Iná tàn. Ó fún irin àárín kẹ̀kẹ́ ní òróró bí mo ṣe ní kí ó ṣe. Iná tàn. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí kò mọ ilé mi, ó ń ṣe ohun tí mò ń ṣe, nítorí mo kọ ọ́. Ó ya mí lẹ́nu. N kò lè sọ bó ṣe rí.

Ó sọ fún kóòdù kí ó ti ilẹ̀kùn òkè. Ilẹ̀kùn náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí mo mọ̀ dáadáa, bí ìgbà tí a bá ń wọ́ ìkòkò lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ kú omi o," ni mo wí.

"A kú omi," ni Alàgbà dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, a dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó wà ní..."

Kẹ̀kẹ́ irin náà ta padà. A gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Gbádégẹṣin ti wà nílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, kò ké, ó kàn la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja. Lórí ògiri, iná tàn sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó ti yí kẹ̀kẹ́ bí mo ṣe ní kí ó yí i.

Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fi yìnyín dì í lọ́wọ́. Egungun kò ṣẹ́, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń wú.

"Ìbọ̀wọ́ yẹn ló tóbi jù fún mi," ni Gbádégẹṣin wí. Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi yọ̀ ni. Ẹ má dá wọn lẹ́bi."

"Ṣé o ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́?" ni Abilékọ bi í.

"Mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Iná gbogbo tàn. Ọwọ́ ló yọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀." Ó ti àwo dígí kékeré kan sún mọ́ mi. "Màmá, ẹ fi àtàǹpàkò síbí. Ìwé yín ti yege."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Èmi kò lè gbé ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí fún Alàgbà ní ohùn kékeré. "À ń kí ara wa."

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ta. A ò tíì kí ara wa tán. Nílé, tí ilẹ̀kùn òkè bá dé, mo máa ń kí Timẹ́hìn tó ń ṣọ́ ọ lókè. N kì í fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tí a kò bá tíì kí ara wa tán."

"Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Kì í ṣe ẹranko."

"Òun fọwọ́ kàn án."

"Ará Ṣakí ni."

"Kò sí ẹnì kankan lókè tí ì bá kí, Ẹ̀gbọ́n. N kò sì kọ ọ́ pé kí ó kí ẹnì kankan."

Alàgbà yíjú wo ọwọ́ Gbádégẹṣin. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ojú wọn, mo sì rí i nígbà tí wọ́n lé e jáde. "Ìkíni ni, Oríyọmí. Ta ló ń kọ ìkíni sínú ìwé-àlàyé? Ó ti ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Ṣé ìwọ lo máa bá a jiyàn lórí ọwọ́ rẹ̀? Wo òde, òjò ti ṣú. Tẹ̀ ẹ́. Tí a bá délé, a ó tún un ṣe."

"Tí a bá délé, ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì."

"Wọ́n á kíra wọn. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n."

Mo gbé àtàǹpàkò sókè àwo náà. Ó móoru. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, n kò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka èyí. Mo rí ilé mi, mo rí omi tó ń gba abẹ́ ibùsùn wọlé. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí n kò mọ orúkọ wọn, ẹnìkan ń ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe oore ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù méjì ló bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó jìnnà ló wá tóbi ju èyí tó wà nítòsí lọ.

"Kò pé, mà," ni mo wí.

Abilékọ Ṣórẹ̀mẹ́kún wò mí. "Kí ni kò pé?"

"Ìkíni, mà."

"Ìkíni."

Mo ṣàlàyé. Kò dùn ún gbọ́, mo ń padà sẹ́yìn, mo ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní tí ilẹ̀kùn òkè bá ti dé, omi àti atẹ́gùn tó há sínú páìpù ṣì ń bínú. Mo ní a kò mọ̀ pé ó ń bínú, nítorí kí á tó kí ara wa tán, ó ti rọlẹ̀. Gbádégẹṣin gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún un.

"Nígbà náà, ẹ kọ iye ìgbà tí yóò fi dúró," ni Abilékọ wí.

"N kò mọ̀ ọ́n, mà. Tí omi bá kéré, Timẹ́hìn á ní ilé ńkọ́, ó parí. Tí omi bá lágbára, á bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bèèrè adìyẹ. Á bèèrè orúnkún tó dùn mí lọ́dún tó kọjá. Mo ti rò pé ó kàn fẹ́ràn ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni."

"Ó ń wo omi."

"Mo rò pé ó ń wo omi, mà. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀."

Alàgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníkóòdù wa fi ìdádúró sínú kóòdù. Abilékọ ní àtúnṣe kóòdù ní ìlà tirẹ̀ tí wọ́n ń tò, òjò yóò ti kọjá kí ó tó kàn wá. Ó ní ohun méjì ló kù: kí òun kọ "kò yege", tàbí kí n tún ọ̀rọ̀ kọ, kí ẹni kan náà sì fi ọwọ́ kan náà ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kí a tó tilẹ̀kùn. "Bí ó bá kọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni."

Gbogbo wa wo Gbádégẹṣin.

"Ẹ kọ ọ́ ná," ni ó wí.

Mo bèèrè pé inú iyàrá wo ni kí n kọ ọ́ sí. Abilékọ ní Ìlànà Kan kò ní iyàrá fún ìkíni, kí n fi sí abẹ́ bí a ṣe ń lò ó. Mo kọ ọ́. Ó pẹ́. Mo kọ pé kí ènìyàn kan wà lókè, kí òmíràn wà nísàlẹ̀. Tí ilẹ̀kùn òkè bá ti dé, kí ẹni ìsàlẹ̀ kí ẹni òkè. Kí ẹni òkè máa wo omi, kí ó máa bèèrè ilé àti ọmọ títí omi yóò fi rọlẹ̀, kí ó tó ní ó dàbọ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ yí kẹ̀kẹ́ kí ó tó gbọ́ ó dàbọ̀. Tí kò bá gbọ́ èsì, kí ó má ṣe ṣí i.

Gbádégẹṣin kà á tán. Ó gbójú sókè. "Ṣé mo lè bi wọ́n ní nǹkan kan kí n tó wọlé?"

"Ẹyọ kan," ni Abilékọ wí.

"Màmá, ṣé kò tún sí òmíràn?"

Alàgbà ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ.

"N kò mọ̀, ọmọ mi," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ òsì fa ìbọ̀wọ́ wọ ọwọ́ tó wú, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì wọlé.

Iná tàn, iná tàn. Ilẹ̀kùn òkè sọ̀ kalẹ̀. Gbádégẹṣin kọjú sí ọ̀hún, ó sì pariwo, "Ẹ kú omi o."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Òun nìkan ni wọ́n fi sínú iyàrá náà. Ìdánwò náà, ẹnì kan ni wọ́n ṣe é fún.

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó tún ìkíni náà pè. Omi ń kùn nínú páìpù.

"Ṣí i," ni Alàgbà ń wí lábẹ́ èémí wọn. "Ṣí i, ọmọ mi, ó ti rọlẹ̀, ṣí i." Èmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo fẹ́ kí ó ṣí i kí ìlú mi má bàa rì. Lẹ́yìn náà mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀, mo rí i bó ṣe tún gbójú wo ọ̀rọ̀ mi lára ògiri, ìlà kan náà, léraléra. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣí i.

Kò ṣí i. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó ká a lẹ́yìn, ó sì dúró síbẹ̀ títí agogo ìtilẹ̀kùn fi dún.

"Kò ṣe é tán," ni Alàgbà wí.

Ògiri ni Abilékọ Ṣórẹ̀mẹ́kún ń wò. Iná aláwọ̀ ewé ti tàn sí gbogbo ìlà tó yẹ, ó sì tàn sí èyí tó sọ pé kí ó má ṣe ṣí i. Ó bi Gbádégẹṣin, nígbà tó jáde, ìdí tí kò fi ṣí i.

"Wọ́n ní tí n kò bá gbọ́ èsì, kí n má ṣí i. N kò gbọ́ èsì."

Abilékọ ní òun yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn méjì ló ń lò ó, ìlú tí kò bá ní ju ẹnì kan lọ nídìí ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ mú un. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ bára mu. Ó wá tún ti àwo dígí náà sún mọ́ mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi tutù lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà lójú omi. Inú Alàgbà ti dùn, wọ́n ń ka nǹkan lójú fóònù wọn fún mi. "Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti mú un. Wò ó, àwọn kan tún mú un, èdè wo nìyí? N kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Oríyọmí, orúkọ rẹ ló wà nídìí rẹ̀. O ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín." Mo ń wo ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wa. Kí ó tó yà, ó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀. Kò sí ìgbà tí kò ṣe é.

A dé Ùgbò Tuntun ní ìrọ̀lẹ́. Omi ti wà ní ojú ọ̀nà. Timẹ́hìn ti wọ aṣọ òjò, ó ń dúró dè mí nídìí ògiri kí á lọ ṣí ilẹ̀kùn omi. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé òun ni olùkọ́ ìkíni fún gbogbo ayé báyìí, kí n máa pe òun ní ọ̀gá. Mo ní kí ó jẹ́ kí Alàgbà dúró nídìí kẹ̀kẹ́ mi lónìí, kí èmi bá òun lọ sókè.

"Kí lo fẹ́ wá ṣe lókè?"

"Mo kàn fẹ́ wo bí o ṣe ń ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. A gun òkè. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú òjò. Ó kó koríko kúrò lẹ́nu páìpù, mo ti kọ ìyẹn. Ó wo ojú omi, mo ti kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, kí ó tó sọ fún kóòdù kí ó ti ilẹ̀kùn, ó fi egungun ìka kan irin tó wà lápá òsì, kò yára, ó tẹ́ etí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì tún kàn án.

"Timẹ́hìn," ni mo wí, "kí lo kan irin yẹn fún?"

Ó yíjú padà, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Irin wo?"